Ẹ̀gbọ́n, Kí Ló Ń Ṣẹlẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwo Orin Marvin Gaye

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì tàbí ti òwe, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ bàtá tàbí dùndún. Ọ̀rọ̀ àwo orin sóòlù kan ni, èyí tí Marvin Gaye, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, gbé jáde ní ọdún 1971, tó sì pe àkọlé rẹ̀ ní What's Going On. Ẹ má bínú pé mo yà kúrò lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá mú sùúrù dé ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé wa náà sì wà níbẹ̀.

Ilé wa ní Òṣogbo ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní 1973. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ni wọ́n rà á bọ̀ láti Èkó pẹ̀lú rédíógíráàmù kan tó tóbi tó àpótí aṣọ. Ṣọ́jà ni Bàbá Kékeré. Wọ́n wọ iṣẹ́ ológun ní 1967 nígbà tí ogun Bìáfúrà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì padà sílé ní 1970, nígbà tí ogun parí. Ọwọ́ wọn pé, ẹsẹ̀ wọn pé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti dín kù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn yóò yọ àwo náà láti inú àpò bébà funfun kan, wọn yóò fi aṣọ nù ún, wọn yóò sì gbé abẹ́rẹ́ lé e. Orin àkọ́kọ́ yóò kọ, èkejì yóò tẹ̀ lé e. Bí èkejì bá ti fẹ́ parí, wọn yóò gbé abẹ́rẹ́ kúrò, wọn yóò dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ó dé orin kẹta. Iṣẹ́ ńlá sì ni èyí, nítorí pé àwọn orin inú àwo náà so kọ́ra wọn ni, ìdákẹ́jẹ́ kankan kò sí láàárín wọn. Nígbà tó yá, ibi tí abẹ́rẹ́ ti máa ń dìde ti há, a sì lè fi ojú rí ìlà funfun tó wà níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó béèrè ìdí lọ́wọ́ wọn. Bí ọmọdé bá ń wádìí ọ̀rọ̀ àgbà nílé wa, ìfọ́tí ló máa ń gbà.

Mo dàgbà tán kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń kọ nínú orin kejì yẹn. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ṣe àwo náà fún yín, nítorí ìtàn tí kì í sú mi í sọ ni.

Ìlú Detroit, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Berry Gordy, tó ti bá wọn to ọkọ̀ rí, yá 800 dọ́là lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ ní 1959, ó sì fi dá ilé-iṣẹ́ àwo orin sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Motown. Ilé gbígbé lásán kan ní òpópónà West Grand Boulevard ni wọ́n sọ di ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ìlànà tí Gordy rí níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ló gbé wọ inú orin. Ẹni kan kọ ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn to ohùn, àwọn onílù àti onígìtá ṣe tiwọn, olórin wọlé, ó kọ ọ́, ó jáde. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣe ìpàdé, wọn yóò yẹ orin wò bí ẹni yẹ ọkọ̀ tuntun wò kó tó jáde sójú títì. Orin ìfẹ́ àti orin ijó ni wọ́n ń ṣe, kúkúrú, dídùn, tí dúdú àti funfun yóò jọ rà. Ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ ebi, Gordy kò fẹ́ kó sí nínú ọjà rẹ̀. Èmi kò dá a lẹ́bi tán. Aláwọ̀ dúdú tó ń tajà fún gbogbo Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1969, ó ní láti mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé.

Marvin Gaye jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ọjà rẹ̀ tà jù. Wọ́n bí i ní Washington ní ọjọ́ 2 oṣù Igbe, ọdún 1939. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀, ó sì fi ẹgba tọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Orúkọ bàbá yìí náà ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó di olórin, ó fi lẹ́tà kan kún un lẹ́yìn. Ìlù ló ń lù ní Motown ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ó fẹ́ Anna, ẹ̀gbọ́n Berry Gordy obìnrin, ní 1963. Nítorí náà ọ̀gá rẹ̀ di àna rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe máa ń rí, ẹ ti mọ̀ pé ìjà ibẹ̀ kò lè jẹ́ ìjà iṣẹ́ nìkan.

Nígbà tí ọdún 1970 fi máa wọlé, gbogbo nǹkan ti dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Tammi Terrell, ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n jọ ń kọrin, ti ṣubú sí i lọ́wọ́ lórí ìtàgé ní 1967 ní ìpínlẹ̀ Virginia. Kókó ló wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó kú ní oṣù Ẹrẹ́nà 1970, ọmọ ọdún 24 péré. Marvin kọ̀ láti gorí ìtàgé mọ́. Ó dá irùngbọ̀n sí, èyí tí kò bá ìlànà Motown mu. Ó tilẹ̀ ní òun fẹ́ di agbábọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá yẹn, ó sì lọ dán ara rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Detroit Lions. Wọn kò gbà á, ṣùgbọ́n ó mú ọ̀rẹ́ méjì bọ̀ láti ibẹ̀, Lem Barney àti Mel Farr. Ẹ fi orúkọ méjèèjì sọ́kàn.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Frankie, wà ní ogun Vietnam ní àárín ọdún mẹ́wàá yẹn. Ó ń kọ lẹ́tà wálé nípa ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Nígbà tó dé, àwọn méjèèjì jókòó, ó sọ ìyókù. Marvin gbọ́, ó sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè bí ẹni tí àbúrò rẹ̀ ti ojú ogun bọ̀ ṣe lè máa kọ orin ìfẹ́ fún ọmọ ilé-ìwé lọ.

Orin náà gan-an kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Renaldo Benson, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó ń jẹ́ Four Tops, ló rí ohun kan ní Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California, ní oṣù Èbìbí 1969. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ilẹ̀ kan tí yunifásítì ni di ọgbà ìgbafẹ́, ọlọ́pàá sì wá lé wọn pẹ̀lú ìbọn. Ẹnì kan kú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ fara gbọgbẹ́. Benson béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì gbé ìbéèrè yẹn lọ fún Al Cleveland, tí wọ́n fi jọ kọ orin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Four Tops ní orin ìfẹ̀hónúhàn ni, àwọn kò ní kọ ọ́. Ó fi lọ Marvin. Marvin kọ́kọ́ fẹ́ fi fún àwọn olórin mìíràn, Benson ní rárá, ìwọ ni yóò kọ ọ́. Marvin wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, ó yí ọ̀rọ̀ padà níhìn-ín, ó fi ohùn kún un lọ́hùn-ún, ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń bá ìyá, bàbá àti arákùnrin rẹ̀ sọ.

Ní oṣù Òkúdu 1970 ni wọ́n wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀. Marvin kò mọ bí a ṣe ń kọ àmì orin sílẹ̀, nítorí náà David Van DePitte jókòó tì í, ohun tí ó bá fi ẹnu kọ ni Van DePitte ń kọ sórí ìwé fún àwọn olóhun-èlò. Lem Barney àti Mel Farr wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn. Ohùn wọn ni à ń gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń kí ara wọn bí ẹni tó wọ ibi àríyá. Ohùn fèrè sasofóònù tó ṣí orin náà sílẹ̀, Eli Fontaine ló fọn ọ́, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Ó kàn ń fọn ọ́ láti fi mú ẹnu gbóná ni. Nígbà tó ní kí àwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Marvin ní ó tó, kó máa lọ ilé, òun ti rí ohun tí òun ń wá.

Ti James Jamerson ni mo fẹ́ràn jù. Òun ló ń ta gìtá béèsì fún Motown, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń ta á. Marvin ní àfi òun. Wọ́n wá a kiri, wọ́n bá a níbi tó ti ń ṣeré fún àwọn ọlọ́tí lálẹ́, òun náà sì ti mu yó. Wọ́n gbé e wá. Kò lè jókòó dáadáa lórí àga. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé gìtá lé àyà, ó wo ìwé tí Van DePitte kọ, ó sì ta á. Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ṣe iṣẹ́ ńlá kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ẹ bá ní àwo náà nílé, ẹ gbé ohùn òkè kúrò lọ́kàn, kí ẹ tẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀ nìkan. Kò sí ibi kan tó ti dúró lójú kan.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ orin Yorùbá yóò fẹ́ gbọ́. Marvin kọ orin náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ yan èyí tó bá dára jù. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, Kenneth Sands, ṣèèṣì mú kí méjèèjì dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Marvin gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń dá ohùn ara rẹ̀ lóhùn, ó ní kí wọ́n fi í bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti sọ ọ́ di àṣà. Àwa mọ lílé, a mọ gbígbè, ẹni tó ń lé yàtọ̀ sí elégbè. Nínú àwo yìí, òun ló ń lé, òun náà ló ń gbè. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé tí ẹ bá gbọ́ ọ dáadáa, ohùn kejì yẹn kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èkíní bí elégbè wa ṣe ń gbà á. Nígbà mìíràn ó ṣáájú, nígbà mìíràn ó ṣe bí ẹni tí kò gbà. Kò jọ agbo orin. Ó jọ ẹni tó dá jókòó nínú yàrá, tó ń bá ara rẹ̀ jiyàn.

Wọ́n gbé e fún Gordy, Gordy kò fẹ́ ẹ. Ó ní kò lè tà, ó ti pẹ́ lójú ọjà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè ba orúkọ olórin ìfẹ́ jẹ́. Marvin ní ó dára, òun kò ní kọ orin mìíràn fún Motown títí wọn yóò fi gbé e jáde. Oṣù bíi mélòó kan kọjá báyìí, àna méjì tí kò dáhùn ara wọn. Níkẹyìn, àwọn ọ̀gá kan lábẹ́ Gordy, Harry Balk àti Barney Ales, ti orin náà jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1971 láìjẹ́ pé Gordy mọ̀. 100,000 ẹ̀dà àkọ́kọ́ tán kíá, àwọn onísọ̀ ń pè pé àwọn fẹ́ sí i. Ó gun ipò kìíní lórí àtẹ orin àwọn aláwọ̀ dúdú, ipò kejì lórí àtẹ gbogbogbòò. Gordy lọ bá Marvin nílé. Ẹni tó ní orin kan kò lè tà ló wá ní kí ó ṣe odindi àwo wá fún òun kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí.

Ó sì ṣe é. Láàárín oṣù kan náà ni wọ́n gba ohùn ìyókù sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn olóhun-èlò Motown tí à ń pè ní Funk Brothers àti àwọn atagòjé Detroit Symphony. Bob Babbitt ló ta béèsì nínú àwọn orin mìíràn. Ní oṣù Igbe wọ́n po ohùn pọ̀ ní Detroit. Marvin gbọ́ ọ, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lọ tún un ṣe ní Los Angeles. Wọ́n gbé ti Detroit yẹn náà jáde ní 2001, mo sì ti gbọ́ méjèèjì. Ti Detroit gbẹ díẹ̀, ìlù rẹ̀ hàn gbangba. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ràn rẹ̀ jù. Èmi kò lè fi rọ́pò èyí tí mo bá dàgbà.

Ọjọ́ 21 oṣù Èbìbí 1971 ni àwo náà jáde. Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 lọ. Ogun wà nínú rẹ̀, oògùn olóró wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ òkun àti afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń bàjẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ olórin kò tí ì máa sọ nígbà náà. Èyí tó gbẹ̀yìn, Inner City Blues, sọ̀rọ̀ owó orí, ó sọ̀rọ̀ àwọn tó ń náwó lọ sí òṣùpá nígbà tí tálákà kò rí jẹ. Lójú àpò rẹ̀, Marvin dúró ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Detroit pẹ̀lú kóòtù òjò, omi òjò òun yìnyín sì wà lórí irun àti irùngbọ̀n rẹ̀. Jim Hendin ló ya fọ́tò náà. Nínú àpò ni wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin sí, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn olóhun-èlò síbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Motown ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àwọn ènìyàn tó ti ń ta gìtá tí wọ́n sì ti ń lùlù nínú orin tí gbogbo ayé mọ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ìgbà yẹn ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń jẹ́ orúkọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní 1972, Motown kó lọ sí Los Angeles, ọ̀pọ̀ wọn sì di aláìníṣẹ́. Jamerson kú ní 1983, ọmọ ọdún 47.

Àwo náà tà. Orin mẹ́ta inú rẹ̀ ló wọ ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ gbogbogbòò, àwọn mẹ́ta náà ló sì gba ipò kìíní lórí àtẹ orin àwọn aláwọ̀ dúdú. Odindi àwo náà dé ipò kẹfà ní Amẹ́ríkà, ó sì wà lórí àtẹ fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èbìbí 1972, ìlú Washington ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọmọ wọn, ó sì kọ orin inú àwo náà níwájú wọn ní Kennedy Center. Ìgbohùnsílẹ̀ alẹ́ yẹn di àwo fúnra rẹ̀ ní 2019. Stevie Wonder, tó pé ọmọ ọdún 21 ní 1971, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú òmìnira kan náà lọ́wọ́ Motown, ó sì rí i gbà. Ní 2003, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà fi àwo Marvin kún àwọn ohùn tí wọn yóò tọ́jú títí láé. Nígbà tí ìwé ìròyìn Rolling Stone tún to 500 àwo tó dára jù ní 2020, òun ni wọ́n fi ṣe èkíní.

Marvin kò rí èyí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Igbe 1984, bàbá rẹ̀ yìnbọn pa á nínú ilé tí ó rà fún àwọn òbí rẹ̀ ní Los Angeles. Ìbọn tí òun fúnra rẹ̀ fún bàbá náà ni. Ọjọ́ kejì ni ì bá pé ọmọ ọdún 45. Mo máa ń rántí pé ọ̀kan lára àwọn tó pè nínú orin àkọ́kọ́ ni bàbá.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti èdè. Ẹ wo àkọlé yẹn. Kò sí àmì ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ ìbéèrè, ó sì lè jẹ́ ìròyìn. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí «Kí ló ń ṣẹlẹ̀», mo ti béèrè. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí «Ohun tó ń ṣẹlẹ̀», mo ti ń ròyìn. Èdè wa kò gbà mí láàyè láti dúró sí àárín. Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe rí, ọ̀kan kọ «Kí ló ń lọ?», a sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òde òní ti ń sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì fi kàlámù pupa fa ìlà sí i.

Orin kejì ló le jù. What's Happening Brother ni wọ́n pè é. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀dà tí àpò rẹ̀ pé, mo sì ka ọ̀rọ̀ orin náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan ló ti ojú ogun dé. Ó ń béèrè lọ́wọ́ arákùnrin rẹ̀ bí ilé ṣe wà: iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ọ̀rẹ́ ńkọ́, ibi tí a ti máa ń jó ńkọ́, kí ló ti yí padà lẹ́yìn mi? Ó ń béèrè lọ bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọ́ kí ẹnì kan dá a lóhùn. Frankie ni Marvin ń gbẹnu sọ fún. Mo pa àpò náà dé. Mo rántí Bàbá Kékeré, mo rántí abẹ́rẹ́ tí kì í kọjá orin kejì, mo sì rántí ọjọ́ tí wọ́n dé.

Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́jọ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n wọ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ṣọ́jà lẹ́jìká, ariwo sọ, àwọn obìnrin ń jó. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, bí wọ́n sì ti dìde ni wọ́n béèrè: «Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ńkọ́? Ìyá dà?» Ìyá wọn, ìyá bàbá mi, ti kú ní 1969. Lẹ́tà kò rí wọn lójú ogun. Bàbá mi ní: «Kọ́kọ́ lọ wẹ̀ ná. Kí o jẹun.» Ohun tí wọ́n kọ́ bàbá mi ni wọ́n ṣe, a kì í fi ọ̀rọ̀ ikú pàdé ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé omi lọ sí balùwẹ̀. Bàbá Kékeré dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́rùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní: «Ìyá ńkọ́? Ṣé oko ni wọ́n lọ ni?» Mo ní: «Wọ́n ti sin wọ́n. A pa màlúù.»

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n bu omi sórí. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kò ti fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mọ́ láàárín wọn àti bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò bá mi wí. Mo gbé e sínú dàgbà.

Ní 1996, mo ń túmọ̀ àwọn orin kan fún kíláàsì mi, mo sì gbé ìwé náà lọ bá Bàbá Kékeré ní Òṣogbo. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé ìṣòro mi. «Brother» yìí, kí ni kí n pè é? Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni, «ará» lásán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá, Yorùbá ní láti mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò, nítorí pé ibẹ̀ la ó ti mọ̀ bóyá «o» ni yóò máa sọ tàbí «ẹ», láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin rẹ̀.

Wọn kò rò ó rárá. Wọ́n ní: «Ẹ̀gbọ́n ni. Àbúrò ló ti ogun dé.»

Mo ní: «Ẹ ṣé, sà.» Mo mú kàlámù. N kò kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní: «Bàbá Kékeré, ọjọ́ tí mo gbé omi fún yín ní balùwẹ̀...»

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, mo dákẹ́. Wọ́n ní: «Ẹ̀gbọ́n mi ni mo bi, ìwọ lo dá mi lóhùn. Ìwọ nìkan lo dá mi lóhùn nínú ilé yìí. Kí lo rò pé mo ní lọ́kàn sí ọ?»

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ka ohun tí mo ti kọ sétígbọ̀ọ́ wọn. Mo kọ «ẹ̀gbọ́n» sínú àyè tí mo fi sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè.